Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Mú Wọn Jókòó Jẹ́ẹ́

Lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ gba Uso lọ sí Ọ̀wọ̀, bí i ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, fọ́tò àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá kì í wọ́n lára ògiri pálọ̀. Ìṣe kan náà ni wọ́n sábà máa ń ní. Àgbà náà jókòó lórí àga, ó kọjú sí wa gbọnrangandan. Ó tẹ́ agbádá rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ìka rẹ̀ yọ kedere, bàtà rẹ̀ sì hàn nísàlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Bí ọmọdé bá béèrè ìdí tí wọn kò fi rẹ́rìn-ín láyé ọjọ́un, ìdáhùn kan náà ló máa ń gbọ́: kámẹ́rà ìgbà yẹn ló lọ́ra, ẹni tó bá mira, àwòrán rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi jókòó bí ère. Ìdáhùn yìí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa. Àwọn àgbà wa ló yan ìjókòó jẹ́ẹ́ yẹn fúnra wọn, wọ́n sì dì í mú ṣinṣin nígbà tí ẹ̀rọ kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹni tó bá gbé ọlá ìjókòó náà fún ẹ̀rọ ti gba ọgbọ́n kan lọ́wọ́ wọn.

Ká kọ́kọ́ fún ìtàn kámẹ́rà tó lọ́ra ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí òtítọ́ ni fún ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Nicéphore Niépce, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ya èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn fọ́tò ìta gbangba tó ṣì wà títí dòní, láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀, ní 1826 tàbí 1827. Ojú ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ṣíṣí pẹ́ débi pé oòrùn rìn kọjá lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ sì kan ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ní 1838, Louis Daguerre ya títì Boulevard du Temple ní Paris. Títì tí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà lọ gbà bọ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú àwòrán náà ó dá páropáro, nítorí ohun tó ń rìn kò dúró pẹ́ tó kí ẹ̀rọ tó lè mú un. Ẹni tó hàn gbangba níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá a nu bàtà. Òun dúró, àwòrán sì mú un. Nígbà tí iṣẹ́ Daguerre di mímọ̀ fáráyé ní 1839 tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ya ojú ara wọn, àwọn ayàwòrán a máa fi irin gbá oníbàárà lórí mú láti ẹ̀yìn kó má baà mì. Ọ̀nà awo gíláàsì tútù tí Frederick Scott Archer gbé jáde ní 1851 dín ìjìyà náà kù sí ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, àmọ́ ìjìyà ṣì ni.

Òkun ló jẹ́ kí ojú àwọn ayàwòrán ìgbà náà rí màbo jù. Omi kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìgbì tó bá sì ń rú, ẹ̀rọ a sọ ọ́ di kùrukùru. Ohun tó tún mú un le ni pé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ búlúù ni awo wọn tètè ń gbà jù lọ, nítorí náà kí òkun tó hàn dáadáa, ojú ọ̀run á ti funfun báláú. Láàárín 1856 sí 1857 ni Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé náà, wá ọgbọ́n ta sí i. Nínú àwọn kan lára iṣẹ́ rẹ̀, ó ya ojú ọ̀run sórí awo kan, ó ya òkun sórí awo mìíràn, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Àwòrán ìgbì ńlá tó yà ní Sète di ohun ìyanu, nítorí ó dà bí ẹni pé ó gbá ìgbì náà mú láàyè. Ìyára ni gbogbo wọn ń lé kiri nígbà náà. Ní 1871, Richard Leach Maddox, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀nà awo gbígbẹ hàn. Kí ọdún 1880 tó pé, àwọn oníṣòwò ti ń tà á lọ́jà. Ní 1878, Eadweard Muybridge ya ẹṣin tó ń sáré ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hàn nígbà tí wọ́n kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà tí awo gbígbẹ ti tàn kálẹ̀, kò sí ohun tó ń fipá mú ẹnikẹ́ni dúró bí òpó níwájú kámẹ́rà ní ọ̀sán gangan.

Síbẹ̀, ìlọ́ra kò kú. Lónìí, àwọn ayàwòrán kan ń jí lọ sí etíkun ní àfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá dání, wọ́n sì ń fi ṣe ohun tí Le Gray ń sá fún. Wọ́n á gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á fi gíláàsì dúdú bo ojú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa jò wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá ṣí i sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí odidi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti kan òkun, etíkun kọjú sí àárín gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yìn ẹni tó bá kọjú sí òkun ni oòrùn ti ń yọ níbẹ̀, láti orí àbàtà, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì bọ́ sórí omi níwájú. Ilẹ̀ tètè ń mọ́ lọ́dọ̀ wa ju ti Yúróòpù lọ, nítorí pé ńṣe ni oòrùn ń gòkè tààrà, nítorí náà àsìkò ìmọ́lẹ̀ tútù náà kì í pẹ́. Bí ojú ẹ̀rọ bá ṣí pẹ́, ìgbì tó ń lura a di èéfín funfun, ṣùgbọ́n òpó igi tí a rì mọ́ inú omi a dúró gedegbe. Kò sí òfin ẹ̀rọ kankan tó fi dandan lé èyí. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí ohun tó ń kọjá lọ parẹ́, kí ohun tó dúró sì hàn. Ó ní ewu tirẹ̀: ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí omi tó ń wó ilé dà bí omi tó sùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ire ni o, bó bá jẹ́ ewu ni o, yíyàn ni.

Níbẹ̀ ni mo ti rí òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn fọ́tò àwọn àgbà wa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló fi tipátipá mú ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, ó yẹ kí ìjókòó náà yí padà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá yí padà. Bí ẹ̀rọ bá yára tán tí àwọn ènìyàn kò sì yí padà, a jẹ́ pé ìdí mìíràn wà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìyípadà dé lóòótọ́. George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní 1888, ó gbé Brownie olówó pọ́ọ́kú jáde ní 1900, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín, eré àti ìrìn fi kún inú fọ́tò ìdílé wọn. Nítorí náà, ìtàn ẹ̀rọ tó lọ́ra bá ìtàn tiwọn mu dé àyè kan. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ó bá tiwa mu.

Fọ́tò tètè dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Augustus Washington, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Làìbéríà ní 1853, ó sì ń fi ọ̀nà Daguerre ya àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ní Èkó, N. Walwin Holm tó ti Accra wá ṣiṣẹ́ láti àwọn ọdún 1890, George Da Costa náà sì fi iṣẹ́ ilé ìtàwé CMS sílẹ̀ di ayàwòrán ní 1895. Àwọn tó ya fọ́tò ní etíkun ṣáájú 1880 mọ ìyà awo tútù. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà nínú igbó, bí Uso àti Ọ̀wọ̀, kò tíì sí lábẹ́ ìjọba Òyìnbó títí di àwọn ọdún 1890, fọ́tò sì tẹ̀lé ìjọba, ìjọ Ọlọ́run àti ọ̀nà mọ́tò wọ inú ilẹ̀. Kí ó tó dé ibẹ̀, awo gbígbẹ ti gba ọjà. Ẹni tó bá jókòó fún fọ́tò nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní agbègbè yẹn, lójú oòrùn, kò nílò ju ìdá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Ó lè rẹ́rìn-ín kí àwòrán má bàjẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ní 1975 ni Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Kámẹ́rà tó yára wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, síbẹ̀ ìjókòó tí a ń sọ yìí ni ó bá níbẹ̀: ojú sí iwájú, aṣọ títẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún, odidi ara láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìdí ẹ̀rọ ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ inú ilé kò tó, tàbí pé fíìmù wọ́n gógó, oníbàárà kò sì fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣòfò nípa mímira. Òótọ́ ni pé ilé tó ṣókùnkùn a máa béèrè pé kí ojú ẹ̀rọ ṣí pẹ́ díẹ̀, owó fọ́tò kan ṣoṣo sì ká ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìdí méjèèjì lè ṣàlàyé. Wọ́n lè ṣàlàyé kí ènìyàn má mira. Wọn kò lè ṣàlàyé ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, nítorí ẹni tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà lè má mira. Wọn kò lè ṣàlàyé ìdí tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ wà lórí orúnkún kí ìka sì pé, ìdí tí ayàwòrán fi gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn títí bàtà á fi wọlé, tàbí ìdí tí ó fi ń tún agbádá tẹ́ kó tó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Fọ́tò tó wọ́n yìí, ohun tí ènìyàn kà sí jù ni yóò fi owó rẹ̀ rà. Owó jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ yàn, kò bá wọn yàn.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: pé Òyìnbó ni a kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, pé ìgbà Ọbabìnrin Fikitóríà ni ìjókòó náà ti wá. N kò ní sọ pé a kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àga, aṣọ ẹ̀yìn aláwòrán, tábìlì kékeré tí wọ́n gbé òdòdó lé, gbogbo rẹ̀ bá kámẹ́rà wá. Sprague gan-an rí ìjọra náà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé méjèèjì síra, ìyàtọ̀ yọ. Nínú fọ́tò àwọn Òyìnbó ìgbà náà, ènìyàn sábà máa ń yí èjìká sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ìgbọ̀nwọ́ ti òpó tàbí kó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, á wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ronú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń gé e ní àyà. Tiwa kọjú síni, apá ọ̀tún bá apá òsì dọ́gba, ara sì pé. Ìlú Bìní tó jẹ́ aládùúgbò Ọ̀wọ̀ jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911, kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ó di ayàwòrán ààfin Ọba Bìní láti 1933, ó sì ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Ilé musíọ̀mù Smithsonian ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Ọmọ ìbílẹ̀ ló ń ya ìbílẹ̀, ọba, ìjòyè àti ìdílé tó sanwó sì ni wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ hàn. Ohun tí a bá yá tí a sì tún ṣe títí ó fi bá ara wa mu, tiwa ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ní in ti pa á tì, àwa ṣì ń lò ó.

Níbo wá ni ìjókòó náà ti wá? Mo rò pé Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ló dáhùn jù. Ní 1971, Ekpo Eyo wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó’Lájà nínú ìlú Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ bí i ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú wọn ni àmọ̀tẹ́kùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Oníṣẹ́ ọnà tó ṣe irú èyí mọ bí a ti ń fi ipá àti ìyára hàn dáadáa. Síbẹ̀, láàárín àwọn ère kan náà ni orí ènìyàn wà tí ojú wọn rọ̀, tí ètè wọn pa dé, tí ìfọ̀kànbalẹ̀ hàn lójú wọn bí i ti àwọn orí Ifẹ̀. Amọ̀ kì í béèrè pé kí ẹnikẹ́ni dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó mọ amọ̀ ló pinnu pé bó ṣe yẹ kí á rí ènìyàn pàtàkì nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a kan àkó. Láyé àtijọ́, nígbà tí àgbà ọlọ́lá bá kú ní Ọ̀wọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbẹ́ ère tó ga tó ènìyàn fún ìsìnkú kejì. Wọ́n á rí i pé ojú rẹ̀ jọ ti olóògbé gan-an, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ olóògbé tó dára jù, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún aráyé wò, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú kí ètò náà tó parí. Frank Willett kọ nípa rẹ̀ ní 1966, Rowland Abíọ́dún tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 1976, ó fi hàn pé jíjọ tí ère náà jọ ẹni tó kú ṣe pàtàkì gan-an nínú àkó. Ẹ wo ohun tó pé síbẹ̀: ojú tó jọ ẹni, aṣọ tó dára jù, odidi ara, ìfarabalẹ̀, àti àwùjọ tó ń wò. Nígbà tí kámẹ́rà dé agbègbè yìí, ohun tí a óò fi ṣe ti wà nílẹ̀.

A lè sọ pé àkó wà fún òkú àti fún ọlọ́lá nìkan, pé fọ́tò jẹ́ ti alààyè àti ti mẹ̀kúnnù. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé àkó ló bí fọ́tò. Àmọ́ ìwúlò wọn súnmọ́ra ju bí a ti rò lọ. Àgbà tó lọ ya fọ́tò ńlá kan nínú ayé rẹ̀ mọ̀ pé fọ́tò náà ni wọn yóò gbé sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú òun, pé fọ́tò náà ni àwọn ọmọ ọmọ yóò fi mọ òun. Ti ìbejì tún mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere sí i. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Sprague rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó wà láàyè, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan kí ó lè jọ pé àwọn méjèèjì jókòó papọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, èyí tó wà láàyè á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Á tún wọ aṣọ ìkejì rẹ̀, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò gba iṣẹ́ ère ìbejì ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a lè darí títí dé àyè yìí, ta ló ń darí ta?

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo fọ́tò wa ló rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 síwájú, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ilé fọ́tò láti dúró lóríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n gbé rédíò dání, wọ́n fi ẹsẹ̀ kan lé àga, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán kan náà, kámẹ́rà kan náà, ọ̀sán kan náà ló ya ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín tó sì ya baba rẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ni ipò tí oníkálukú wà àti ohun tó fẹ́ kí àwùjọ rí. Bí ẹ̀rọ bá lè ṣe méjèèjì, a jẹ́ pé àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kan bí a ṣe ń tọ́jú fọ́tò wọn lónìí. Nígbà tí ìdílé bá ń múra ìsìnkú, wọ́n sábà máa ń gé orí nìkan jáde fún ìwé ètò, wọ́n á sọ aṣọ, ọwọ́ àti bàtà nù, ìyẹn àwọn ohun tí àgbà náà fara balẹ̀ tò síbẹ̀. Ìlànà tuntun tún dé sórí fóònù, èyí tí ń mú kí àwòrán òkú ṣẹ́jú, kó mi orí, kó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ẹ̀rín ló ń wá tẹ́lẹ̀ tí kámẹ́rà kò jẹ́. Inú rere ló ń mú àwọn ọmọ ṣe é, àmọ́ wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pa ohun tí baba wọn sọ rẹ́. Ó yẹ kí àwọn ìdílé ní Uso, ní Ọ̀wọ̀ àti níbi gbogbo fi odidi fọ́tò náà pamọ́, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó jókòó, ẹni tó yà á àti ọdún rẹ̀ sẹ́yìn bébà nígbà tí ẹni tó mọ̀ ṣì wà láàyè. Ó yẹ kí àwọn ilé musíọ̀mù wa gba irú fọ́tò wọ̀nyí bí wọ́n ti ń gba ère. Bí ọmọdé bá sì tún béèrè ìdí tí wọn kò fi rẹ́rìn-ín, kí a sọ fún un pé wọ́n lè rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá fẹ́, pé ohun mìíràn ni wọ́n fẹ́ kí òun rí, kí a wá jókòó tì í, kí a sì fi aṣọ, ọwọ́ àti ojú náà hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan.